Níbo Ni Abẹ́rẹ́ Gbà Wọlé?

Nígbà tí ìpè náà dé, aṣọ ìyàwó kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá Kókó-Mẹ́ta. Ó ti rán apá ọ̀tún, ó ku apá òsì. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló pè é, ariwo ẹnu rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi gbé fóònù jìnnà sí etí.

"Ẹ kú oríire, Mà! Obìnrin ni! Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje ló dé! Ohùn rẹ̀ ju tèmi lọ!"

Màmá ò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó pa iná ẹ̀rọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ti dé òpópónà kó tó rí i pé bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ òun, pé tépù tí òun fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn òun. Ó dúró díẹ̀, ó rò ó wò. Bàtà kọ́ ló bímọ. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ yà yín lẹ́nu, àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kì í so òwú lẹ́ẹ̀kan kó dáwọ́ dúró. Ìbáà jẹ́ bọ́tìnnì, ìbáà jẹ́ ìdí sípù, ìbáà jẹ́ etí aṣọ, kókó mẹ́ta ni yóò ta sí i, yóò sì tún fi eyín fà á wò. Tíṣà kan ní àdúgbò máa ń sọ pé ṣẹ́ẹ̀tì òun ti gbó, kọ́là ti já, ẹ̀yìn ti ya, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì Màmá ṣì ń wo òun lójú kòrókòró. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Màmá náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bi í, kò ní dá wọn lóhùn.

Òkè kejì ni wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ wà. Obìnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta yìí gun àtẹ̀gùn náà láìdi irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin, lẹ́bàá fèrèsé, ni ọmọ rẹ̀ jókòó sí, irun rẹ̀ rí wúruwùru, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Màámi, ẹ wá wò ó."

Màmá gba ọmọ náà. "Ah! Ta ló ní kó o rẹwà tó báyìí? Ta lo gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀? Wo imú! Imú mi nìyí! Ẹ wá wo ẹni tó jí imú mi gbé o!" Ó ń fi bàtà ilé jó láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, tépù ń fì lọ́rùn rẹ̀, àwọn abiyamọ tó kù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń di ikùn wọn mú nítorí ẹ̀rín ń dùn wọ́n. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò gbé e gbà.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ pé yóò ṣe. Ó tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé e, ó sì tẹjú mọ́ ìdodo rẹ̀. Kò rí òwú níbẹ̀. Nǹkan funfun kékeré kan ló há ìwọ́ ọmọ náà mọ́lẹ̀.

"Kí lèyí? Wọn ò so ó ni?"

"Ohun tí wọ́n fi ń dè é báyìí nìyẹn, Màámi. Ó le."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó le? Ta ló fi sí i?"

Ọmọ rẹ̀ nawọ́ sí agbẹ̀bí kúkúrú kan tó ń kọjá lọ. Kíákíá ni wọ́n ń pè é ní wọ́ọ̀dù náà, nítorí kò sẹ́ni tó tíì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kíákíá gbọ́ ìbéèrè yẹn, ó sì dáhùn láìdúró: "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀! Ohun tí mo bá ti há, èmi fúnra mi ò lè ṣí i!" Kí Màmá tó ronú ohun tí yóò sọ, ó ti wọ yàrá kejì.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Títí di ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Màmá tún yẹ ìdodo náà wò, ó ń díbọ́n pé òun ń tún aṣọ ọmọ ṣe. Ó gbẹ. Ó mọ́. Kò sí nǹkan kan.

Nígbà tó di aago méjì, àwọn agbẹ̀bí òwúrọ̀ fi iṣẹ́ lé àwọn ti ọ̀sán lọ́wọ́. Kíákíá bọ́ ápúróònù, ó juwọ́ sí gbogbo bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òun bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, kí ẹnikẹ́ni má pe òun o. Ọkọ ọmọ Màmá ti lọ wá mọ́tò tí yóò gbé wọn relé. Ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí wá kó abiyamọ mẹ́ta tó ń lọ sílé jọ síwájú fèrèsé. Ọ̀gá Dígí ni wọ́n ń pè é, torí dígí ojú rẹ̀ tó fi okùn kọ́ sáyà. Ó ń fi dígí náà ṣàpèjúwe ju bó ṣe ń fi í ríran lọ.

Ó sọ̀rọ̀ ọmú. Ó sọ̀rọ̀ ìwọ́, pé kí wọ́n má fi ohunkóhun pa á. Ó sọ̀rọ̀ ibà. Màmá ń mi orí, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ lápá kan.

"Abẹ́rẹ́ tí a gún ọmọ yín ní itan ńkọ́?" ni Ọ̀gá Dígí wí. "Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà fún, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún yín nílé pé a kàn ń fìyà jẹ ọmọ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde lára wa, ó máa ń di, á sì dúró. Ohun kan wà lára tó ń jẹ́ kó di, fítámì K lorúkọ ẹ̀. Àwa ń rí i nínú ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ. Ọmọ tuntun ò tíì jẹ ẹ̀fọ́. Díẹ̀ báyìí ló bá a wá láti inú ìyá ẹ̀. Ọmú dára, kò sóhun tó dà bí ọmú, àmọ́ fítámì yìí ò pọ̀ nínú ẹ̀. Torí náà, ẹ lè rí ọmọ kan tí ara ẹ̀ le, tó ń mu ọmú dáadáa. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sun ní ìdodo ẹ̀, kò ní dúró. Tàbí ní imú. Tàbí kí ìgbẹ́ ẹ̀ dúdú. Ti àwọn míì tiẹ̀ máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ, ó lè di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú ọpọlọ lẹ̀jẹ̀ á dà sí, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i. Kì í ṣe gbogbo ọmọ o. Àmọ́ a ò mọ ẹni tó máa kàn, ìdí nìyẹn tá a fi ń gún gbogbo wọn. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan, ó tán."

Màmá ti dẹ́kun mímì orí. "Ní ìdodo, ẹ ní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Lọ́jọ́ kẹrin?"

"Ó lè jẹ́ ọjọ́ kẹrin."

"Tí wọ́n bá so ìwọ́ náà le ńkọ́? Tí wọ́n so ó le gan-an?"

"Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kókó. Ẹ̀ báà fi wáyà so ó, asán ni. Ẹ̀jẹ̀ tí kò lè di, ibi tó máa gbà jáde ò ní ṣòro fún un."

Ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn ni. Kò sẹ́nì kankan nílé nígbà tí àkọ́bí Màmá dé. Ọmọkùnrin ni. Agbẹ̀bí tí wọ́n lọ pè ṣì wà lọ́nà. Màmá fúnra rẹ̀ ló mú òwú nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ó fi so ìwọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí agbẹ̀bí dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi mu ọmú tó sì ń fi ẹsẹ̀ ta aṣọ dànù. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sun ní ìdodo rẹ̀. Màmá so òwú lé òwú. Ó tún so ó. Ẹ̀jẹ̀ náà kò yára, ṣùgbọ́n kò dúró, ó sì rin aṣọ funfun mẹ́rin gbingbin. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ọmọ ti lọ. Àbúrò ìyá ọkọ rẹ̀ kan tí ahọ́n rẹ̀ kò ní ìjánu dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Aránṣọ tí kò mọ òwú so." Kò tún un sọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò nílò àtúnsọ. Ọmọ tí Màmá bí lẹ́yìn ìgbà náà, tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin yìí, kò mọ̀ ju pé ẹnì kan ti wà ṣáájú òun.

Màmá sọ gbogbo rẹ̀ níwájú fèrèsé náà, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, ohùn rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó bi Ọ̀gá Dígí pé ṣé òun gbọ́ dáadáa. Ṣé òun kọ́ ló fà á?

Ọ̀gá Dígí yíjú sí i. "Màmá, mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè búra. Àmọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, ọmọ tára ẹ̀ le, ọjọ́ kẹrin, ìdodo, ẹ̀jẹ̀ tí kò yára tí kò sì dúró, bó ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ọwọ́ yín."

"Ẹ tún un sọ."

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, Mà."

"Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Màmá bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín, a ò mọ èyí tó kọ́kọ́ jáde. Ó dìde fùú. Ìdùnnú gbé e dìde, ohun tó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọdún méjìlélógójì ṣípò, ó sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, kíá. "Níbo ni abẹ́rẹ́ yẹn gbà wọlé?" ló kígbe. "Ẹ fi hàn mí! Mo fẹ́ kí ibẹ̀ kú iṣẹ́!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tú aṣọ, ó wo itan òsì. Ó wo itan ọ̀tún. Ó padà sí ti òsì. Ó gbé ọmọ náà sínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Ẹ rántí pé aránṣọ ni. Bí wọ́n bá tú ojú rírán kan lára aṣọ, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n lọ̀ ọ́, Màmá á ṣì jókòó síbi tó wà, á sọ ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá fún yín. Abẹ́rẹ́ kì í wọ nǹkan kó má fi ojú sílẹ̀. Ó lọ bá àwọn abiyamọ méjì tó kù, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí itan ọmọ yín. Ojú abẹ́rẹ́ pupa tóńtó kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ọmọ wọn, pílásítà róbótó kan sì bò ó. Itan ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹrin dán gbinrin.

"Wọn ò gún tiwa."

"Màámi, ó wà lórí káàdì," ni ọmọ rẹ̀ wí. Òótọ́ ni. Àmì wà níbẹ̀, yíǹkì búlúù, ó hàn gbangba.

"Ìwọ rí i nígbà tí wọ́n gún un?"

Ọmọ rẹ̀ ronú. "Rárá. Kíákíá ti mú ìgò abẹ́rẹ́ náà dání, ó sì ń kọ nǹkan. Ni obìnrin bẹ́ẹ̀dì karùn-ún bá bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wọn sáré lọ síbẹ̀."

Ọ̀gá Dígí gba káàdì. "Àmì wà níbí, Màmá."

"Nọ́ọ̀sì, ní ṣọ́ọ̀bù mi, ṣọ́ọ̀kì la fi ń sàmì sáṣọ. Ẹni tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ò tíì rán nǹkan kan."

Ọ̀gá Dígí gbé dígí rẹ̀ wọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó wo itan méjèèjì fínnífínní. Nígbà tó gbé orí sókè, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ gún ọmọ lẹ́ẹ̀mejì láìbi ẹni tó kọ káàdì. Ó pe fóònù Kíákíá. Fóònù náà dún nínú dúróà tábìlì, níbi tí Kíákíá ti fi í sílẹ̀ kó lè gba iná, tó sì gbàgbé rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà ni obìnrin kan figbe ta ní yàrá ìrọbí. Ọ̀gá Dígí ní: "Màmá, mo gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ dúró de dókítà. Ó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ó máa jáde tó bá dìrọ̀lẹ́."

"Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Níbo ni Kíákíá ti ń wọkọ̀?"

"Ibùdókọ̀ tó wà níwájú géètì. Aago méjì ààbọ̀ lọkọ̀ ẹ̀ máa ń gbéra."

Aago ara ògiri ń wí pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ẹ ò rí eré sísá rí. Màmá fo àtẹ̀gùn ní méjì-méjì. Bàtà ilé apá ọ̀tún yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ó kọjá lára àwọn tó tò síwájú ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ó fò lé garawa ẹni tó ń nu ilẹ̀, ẹni yẹn ní "Màmá, ilẹ̀ tutù o!", Màmá ní "Ó máa gbẹ!", ó sì ti dé géètì. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Lọ́jọ́ tí àkọ́bí rẹ̀ kú, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó máa so òwú. Lónìí ohun tó lè ṣe wà, ó sì wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó wọ aṣọ búlúù, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀.

"Kíákíá! Kíákíá o!"

Àwọn èrò rò pé awakọ̀ ló ń bá wí. Awakọ̀ náà rò bẹ́ẹ̀, ó tẹná mọ́ ọkọ̀. Màmá na ọwọ́, ó gbá apá aṣọ agbẹ̀bí náà mú, ó fà á sílẹ̀. Ọkùnrin kan yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Màmá, kí ló jí?"

"Kò jí nǹkan kan! Ó gbàgbé nǹkan ni!" Ó yíjú sí Kíákíá, èémí ń gé e. "Ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ṣé o gún un?"

"Mo gún un, Mà. Mo ti sàmì sí i."

"Mo mọ̀ pé o sàmì sí i. Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

Kíákíá la ẹnu láti dáhùn. Lẹ́yìn náà ló dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kan ohun tó wà níbẹ̀, ó sì mú ìgò gíláàsì kékeré kan jáde. Wọn ò tíì ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ láti fa oògùn inú rẹ̀. Ó ti fi bébà kékeré lẹ̀ ẹ́: bẹ́ẹ̀dì kẹrin.

"Mo máa ń sàmì kí n tó gún wọn," ló wí. "Kó lè yá. Màmá, ẹ má bínú. Jọ̀ọ́. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn ló mú mi..."

"Mo máa bínú sí ọ lọ́la. Lónìí, sáré!"

Ọkọ̀ lọ. Wọ́n sáré padà, arúgbó níwájú, ọ̀dọ́ lẹ́yìn. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ gbé garawa rẹ̀ kúrò lọ́nà kí wọ́n tó sọ fún un.

Ọ̀gá Dígí ti yọjú láti yàrá ìrọbí nígbà náà. Ó gba ìgò inú àpò yẹn, ó jù ú sínú àpótí ìdọ̀tí, ó ní òun kò fi ohun tó ti wà nínú àpò láti àárọ̀ gún ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó mú tuntun jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà sókè, ó ní kí Kíákíá náà kà á sókè. Ó tún gba káàdì, ó fa igi lé àmì àárọ̀. "Láti òní lọ ní wọ́ọ̀dù yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí bírò títí abẹ́rẹ́ fi máa jáde lára ọmọ. Ṣé o gbọ́?" Kíákíá ní òun gbọ́. Ọ̀gá Dígí yíjú sí Màmá. "Wọ́n ṣáà ní àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́."

Kíákíá ló gún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní itan òsì. Ọmọ náà figbe bọnu, igbe tó jẹ́ kí àwọn ará bẹ́ẹ̀dì kejì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan yọ, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Màmá tẹ̀ síwájú, ó tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé e kúrò. Ó ti dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú bírò.

"O kú iṣẹ́ o," ni Màmá sọ fún itan ọmọ náà, bó ṣe ṣèlérí.

Nígbà tó yá, ọkọ ọmọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ àti bàtà ilé ẹsẹ̀ kan tó ṣà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń béèrè ta ló ni ín. Kò sẹ́ni tó ráyè dá a lóhùn. Ọmọ Màmá ń wọ ọmọ náà láṣọ funfun tí Màmá fi oṣù kan rán fún un sílẹ̀, èyí tó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀yìn ọrùn. Ó yí ọmọ padà kí ìyá rẹ̀ lè bá a so ó. Ó ti ń rí kókó mẹ́ta yìí láti kékeré, nítorí náà ó di ọmọ mú dáadáa, ó ń retí.

Màmá mú etí okùn méjèèjì. Ó ta kókó kan. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò fi eyín fà á wò, ó sì gbọ́wọ́ kúrò.

"Màámi," ni ọmọ rẹ̀ wí, "ó ku méjì."

"Kò ku nǹkan kan," ni Màmá wí, ó sì gbé ọmọ náà lé èjìká.